Ṣé wọ́n lè mú mi torí mo ra ọtí fún ọmọdé? Ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè jù ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Tó bá ti ń sún mọ́ December, àbí ìgbà táwọn ọmọ SS3 bá kọ WAEC tán tí wọ́n ń fi máákà kọ nǹkan sára yunifọ́ọ̀mù ara wọn, ọ̀rọ̀ yìí máa ń wáyé gan-an. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò kan á lọ ra kíréètì bíà méjì fáwọn ọmọ, lójú tiẹ̀ ó ń ṣe wọ́n lóore ni, ìgbà tí nǹkan bá wá dàrú tán làwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó mọ lọ́yà kiri. Mo kó àwọn ìbéèrè yẹn jọ síbí kẹ́ ẹ lè kà á nísinsìnyí tí ara yín balẹ̀. Nọ́ńbà abala tí mo bá dárúkọ nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé (Child's Rights Act), ti ìjọba àpapọ̀ ni, ti ìpínlẹ̀ Oǹdó tó jẹ́ òfin tiwa lè ní nọ́ńbà míì.

Ọmọ ọdún mélòó lòfin ń pè ní ọmọdé?

Ẹni tí kò bá tíì pé 18, ọmọdé ni. Child's Rights Act ti 2003 ló sọ bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn ní 2007, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé òfin Àbújá ni, kò kàn wá. Ọmọ náà lè ga ju yín lọ, kó ní irùngbọ̀n, kó máa wa ọ̀kadà, kó ti bímọ pàápàá, ìyẹn ò yí ọjọ́ orí ẹ̀ padà. Ibi tó ti ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni àwọn ọmọ yunifásítì. Àwọn tó ń wọ FUTA àti Adéyẹmí ní Oǹdó lọ́mọ ọdún 16 wà dáadáa, wọ́n á ti gba yàrá, wọ́n á máa dáná fúnra wọn, gbogbo èèyàn á gbà pé àgbà ni wọ́n, àmọ́ ọmọdé ni wọ́n lójú òfin títí wọ́n á fi pé 18.

Ta ni òfin ń bá wí gan-an, ẹni tó tà á àbí ẹni tó rà á?

Àwọn méjèèjì, àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà mú wọn yàtọ̀ síra.

Ẹni tó ń tà ni òfin ọtí kọjú sí ní tààràtà. Ọtí títà ní Nàìjíríà, láísẹ́nsì ni wọ́n fi ń ṣe é, ìwé òfin 1999 sì fi ọ̀rọ̀ láísẹ́nsì yẹn àti bí wọ́n á ṣe máa bójú tó ọtí títà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ wo àfikún kẹrin ẹ̀, ẹ máa rí i. Èyí túmọ̀ sí pé Akure South ló ni ti Isikan àti Arakale, Ondo West ló ni ti Yaba. Láísẹ́nsì kan wà fún ibi tí wọ́n ti ń jókòó mu ún, òmíì wà fún ibi tí wọ́n ti ń rà á gbé lọ, kò sì séyìí tó fàyè gba títà fún ọmọ tí kò pé 18 nínú méjèèjì. Báàrì tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi láísẹ́nsì ẹ̀ sínú ewu.

Ní ti ẹni tó rà á, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í. Wọ́n á ní, èmi kọ́ ni mo tà á, èmi kọ́ ni mo mu ún, kí ló wá kàn mí. Ó kàn yín. Abala 7 nínú Criminal Code, tó jẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn tá à ń lò lápá gúúsù, sọ pé ẹni tó bá ran èèyàn lọ́wọ́ láti rú òfin, àbí tó tì í síbẹ̀, àbí tó bá a ṣètò ẹ̀, bákan náà lòun àtẹni tó ṣe é gan-an ṣe jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ jókòó sí jọ́ìnt kan, àwọn ọmọ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ yín, yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn wọn, ẹ wá pe màdámù pé kó gbé ìgò mẹ́rin wá, tó rí gbogbo yín, tó sì gbé e wá. Màdámù tà fún ọmọdé, ẹ̀yin lẹ sì bá a ṣe é. Ìyẹn tún wá jẹ́ orí ọtí nìkan o, a ò tíì dórí ohun tí ọmọ náà lè lọ ṣe àbí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tó bá mu ún tán, ibẹ̀ sì ni ẹ̀wọ̀n gidi wà, mo máa sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Owó ọmọ náà ni, mo kàn bá a rà á ni. Ṣé ìyẹn ò yàtọ̀?

Kò yàtọ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè ẹni tó lówó, ẹni tó gbé ọtí débi ọwọ́ ọmọ ni wọ́n ń wá.

Mo máa ń rán ọmọ mi ní bíà, èmi ni mo fẹ́ mu ún, kì í ṣe òun. Ṣé ìyẹn náà lẹ́ṣẹ̀?

Mo mọ̀ pé inú ẹlòmíì ò ní dùn sí ìdáhùn yìí, torí ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n rán dàgbà. Dádì á ní, sáré lọ sọ́dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀, sọ pé kó fún ẹ ní èyí tó tutù, èèyàn á sì sáré lọ.

Ẹ wò ó báyìí. Ìyá Bọ́sẹ̀ ò ní bó ṣe máa mọ ẹni tó máa mu ún. Ohun tóun rí ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó na owó sí i, tó bá sì gbé ọtí fún un, ó ti tà fún ọmọdé nìyẹn, òun lẹ sì tì sínú wàhálà. Torí náà bí ìyá tó ń tajà bá lé ọmọ yín padà pé kẹ́ ẹ wá fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u, ẹ má sì sọ pé ó ń ṣe fáàrí. Ohun tó tọ́ ló ṣe, owó ló sì fi sílẹ̀ kó tó ṣe é.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n ti ń rán látìgbà kékeré, ó mọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mọ̀ ọ́n, ó mọ iye tí wọ́n ń tà á. Tó bá wá di ọmọ ọdún 14 tó lọ ra tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìbéèrè kankan, wọ́n á ní dádì ẹ̀ ló rán an. Àwa la kọ́ ọ lọ́nà. Ẹ rán an ní iyọ̀, ẹ rán an ní búrẹ́dì, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rin ti bíà.

Ṣé mo lè fún ọmọ tèmi ní ọtí nínú ilé tèmi?

Mi ò rò pé ọlọ́pàá kankan máa wọlé wá mú yín torí wọ́n fi ọtí kan ọmọ tuntun lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú oyin àti iyọ̀ àti ataare, àbí torí ọmọ gba kọmúníọ̀nù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣà àti ẹ̀sìn nìyẹn, ẹ̀kán ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí mò ń sọ ni bàbá tó ń bu bíà sí kọ́ọ̀pù fún ọmọ ọdún méje káwọn àlejò lè rẹ́rìn-ín, àbí mọ̀mí tó ń fún ọmọ ní nǹkan kó lè tètè sùn. Abala 20 nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ òbí ni láti tọ́ ọmọ sọ́nà, kó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Abala 50 tún fún ọlọ́pàá àti ẹni tí ìjọba yàn láṣẹ láti mú ọmọ lọ síwájú kóòtù fún ìtọ́jú àti ààbò, tó bá jẹ́ pé ìmutíyó àbí ìwà ọ̀daràn òbí ẹ̀ ò jẹ́ kó yẹ lẹ́ni tó ń tọ́ ọmọ. Wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn, òbí tó bí i náà lè pàdánù ẹ̀.

Ìnáwó ni mo ṣe, èmi kọ́ ni mo fún ọmọ ẹlòmíì ní ọtí, tábìlì ló ti gbé e. Kí ló kàn mí?

Tí ọmọ náà bá délé láyọ̀, ó ṣeé ṣe kó má sí nǹkan kan. Tí kò bá délé láyọ̀, òbí ẹ̀ lè pè yín lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ pe èèyàn jọ, ẹ kó ọtí síta, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ẹ ò wá ṣọ́ ọ. Lọ́yà wọn ò ní láti sọ pé ẹ fẹ́ ibi fún ọmọ náà, àìbìkítà nìkan ti tó fún un láti fi ṣe ẹjọ́.

Ní ìnáwó tiwa, pàápàá ìgbéyàwó àti òkú àgbà, ọtí máa ń pọ̀ ju àwọn tó ń mutí lọ, àwọn ọmọ ló sì máa ń palẹ̀ tábìlì mọ́. Ẹ yan àgbàlagbà kan sídìí ọtí tí kò ní kúrò níbẹ̀, ẹ kó ti máltì àti mínírà síbòmíì, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn tó ń pín nǹkan pé ọmọ tó bá ní ẹ̀gbọ́n òun ló rán òun, kí ẹ̀gbọ́n náà dìde wá.

Ká ní nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà ńkọ́? Ó fi ọ̀kadà ṣubú, àbí ó kú?

Ibí ni mo ní kẹ́ ẹ dúró dè. Abala 343 nínú Criminal Code ń mú ẹni tó bá fi ìwà àìbìkítà ṣe ohun tó lè gba ẹ̀mí èèyàn àbí tó lè ṣe é léṣe, ó sì dárúkọ fífúnni ní ohun tó léwu sí ara, yálà títà ni àbí fífi tọrẹ. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni. Bí ọmọ bá wá kú, tí wọ́n bá lè fi hàn pé ohun tẹ́ ẹ ṣe ló fà á, tí àìbìkítà náà sì pọ̀ kọjá àlà, ẹ̀sùn náà lè di ti ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, abala 325 sì sọ pé ìyẹn lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n gbére.

Mo ní lè, mi ò ní gbọdọ̀. Wọ́n ṣì máa ní láti fẹ̀rí hàn níwájú adájọ́. Àmọ́ ẹ ronú nípa ẹni tó ra ògidì ọtí fún ọmọ ọdún 16, tó mọ̀ pé ọ̀kadà ló gbé wá, tó wò ó tó gun ọ̀kadà yẹn padà sójú ọ̀nà Ìjọ̀ka lálẹ́. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ tíì tó gba láísẹ́nsì ọkọ̀, torí 18 lòfin ní kéèyàn pé kó tó gbà á. Àlàyé wo lẹ máa ṣe?

Ti ògógóró, paraga àti ọtí inú ọ̀rá ńkọ́? Ìyẹn ò le tó bíà, àbí?

Ó le jù ú lọ fíìfíì. Agbára ọtí inú ògógóró máa ń di ìlọ́po mẹ́jọ ti bíà nígbà míì, ara ọmọdé ò sì gba á. Ìpínlẹ̀ wa níbí ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní April 2015, ní Òde-Ìrèlè, àwọn èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú ń fọ́ wọn, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń dákú, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àwọn kan ní Ebola ni, ìgbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ni wọ́n rí i pé methanol ni, májèlé tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Àgbàlagbà làwọn tó mu ún o. Ẹ wá fi ọmọ sí i.

Ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kéékèèké ni NAFDAC ti ń bá àwọn ilé iṣẹ́ fà látìgbà tí wọ́n ti jọ fọwọ́ síwèé ní December 2018 pé wọ́n máa dín in kù títí tó fi máa tán. Ní January 2022 wọ́n ò forúkọ tuntun sílẹ̀ fún un mọ́, February 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀hónú hàn, àwọn aṣòfin dá sí i, ó sì ti di fà-á-kí-n-fà-á láti ìgbà yẹn. Ìdí tí NAFDAC fi ń bá a jà ni pé ó rọrùn fún ọmọdé láti rà, ó sì rọrùn láti tọ́jú sínú àpò ìwé. Tíṣà èyíkéyìí ní Àkúrẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kiri paraga ní gáráàjì náà tún wà níbẹ̀. Abala 30 nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n máa lo ọmọdé láti kiri ọjà lójú títì ìlú ńlá àti ojú ọ̀nà márosẹ̀, ìyẹn lójú tèmi sì burú ju ti gáàrí àti píọ́wọ́tà lọ torí ohun tí ọmọ náà gbé sórí.

Tí wọ́n bá ti rẹ igbó sínú ọtí náà ńkọ́?

Ìyẹn tí wọ́n ń pè ní monkey tail. Ẹ ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọtí nìyẹn, oògùn olóró ni, NDLEA ló ni yín. Abala 25 nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ẹni tó bá fa ọmọdé wọnú lílo oògùn olóró, ẹ̀wọ̀n gbére.

Ọ̀rẹ́ mi kan ra ọtí fún ọmọbìnrin ọdún 17, wọ́n sì jọ sùn. Ó ní ọmọ náà gbà.

Ọmọ ọdún 17 ò ní ohùn tó lè fi gbà lójú òfin. Abala 31 nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé pè é ní ìfipábánilòpọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni, ó sì sọ ọ́ gbangba pé kò sí àǹfààní nínú kéèyàn ní ọmọ náà gbà àbí kó ní òun rò pé ó ti pé 18. Ọtí tó rà fún un ò bá a dín ẹ̀ṣẹ̀ kù, ṣe ló ń fi hàn pé ó ti ń múra ẹ̀ sílẹ̀. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó fọwọ́ sí ní 2021, tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí ẹ bá mọ ọmọbìnrin yẹn, òun lẹ kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Kó tètè dé ọsibítù, torí àwọn oògùn kan tí wọ́n máa fún un kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72.

Mi ò mọ̀ pé kò tíì pé 18 o. Ó ní òun ti pé 20.

Ní ti ọtí nìkan, abala 25 nínú Criminal Code gba ẹni tó bá ṣàṣìṣe tọkàntọkàn, tí àṣìṣe náà sì bọ́gbọ́n mu. Ẹ fojú sí bọ́gbọ́n mu yẹn. Tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù, tẹ́ ẹ mọ kíláàsì tó wà, tó bá jẹ́ ọmọ ará ilé yín, kò sí adájọ́ tó máa gbà pé ẹ ò mọ̀. Ẹ ní kó fi NIN slip ẹ̀ hàn yín. Tó bá ń bínú, kó máa bínú.

Ṣé wọ́n máa mú ọmọ náà fúnra ẹ̀?

Wọn ò lè ṣe é bí àgbàlagbà. Abala 204 nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ọmọ gba ojú ẹjọ́ ọ̀daràn táwọn àgbà ń gbà, ètò ìdájọ́ tàwọn ọmọdé ni wọ́n máa lò fún un, abala 221 sì ní wọn ò gbọdọ̀ rán ọmọ lẹ́wọ̀n, wọn ò sì gbọdọ̀ ní kí wọ́n nà án lẹ́gba. Tí wọ́n bá ti ọmọ yín mọ́ àwọn àgbà ní téṣàn, ẹ sọ̀rọ̀ kíákíá.

Wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni ká ṣe?

Kó fara balẹ̀, kó dárúkọ ara ẹ̀, kó sì sọ pé òun máa dúró de lọ́yà àbí ẹbí òun kóun tó kọ sítétímẹ́ǹtì. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, abala 35 nínú ìwé òfin 1999 ló fún un. Abala yẹn náà ní tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, wọn ò gbọdọ̀ tì í mọ́lé ju ọjọ́ kan lọ láìgbé e dé kóòtù, kóòtù májísíréètì sì wà ní Òkè-Ẹ̀dá níbí ní Àkúrẹ́, torí náà kí wọ́n má sọ fún yín pé ọ̀nà jìn. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Ká ní wọn ò rí i mú ni, tí wọ́n wá fẹ́ mú mọ̀mí yín dípò ẹ̀, òfin ọlọ́pàá ti 2020 kọ ìyẹn pátápátá. Tí kò bá sí owó lọ́yà, Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Àkúrẹ́. Ẹ má lọ halẹ̀ mọ́ ẹbí ọmọ náà, ẹ má sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ̀sùn míì lẹ máa fi kún un.

Ọmọ wa ti lọ sí yunifásítì ní òkè òkun. Ṣé bákan náà ni níbẹ̀?

Ó le níbẹ̀ ju tibí lọ, torí wọ́n ń mú èèyàn lóòótọ́. Ní England, Licensing Act ti 2003 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró kéèyàn ra ọtí fún ẹni tí kò pé 18, rírán ọmọdé ní ọtí náà ní abala tiẹ̀. Àyè kékeré kan wà, ọmọ 16 àti 17 lè mu bíà, sídà àbí wáìnì tó bá ń jẹun nídìí tábìlì pẹ̀lú àgbàlagbà, tó jẹ́ pé àgbàlagbà yẹn ló rà á. Ọmọ yín tó jẹ́ 19, tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ 17 nínú fúláàtì kan náà, ó gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Amẹ́ríkà ló wá yàtọ̀ jù, 21 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe ní 1984 ló ní kí ìjọba àpapọ̀ wọn máa yọ lára owó títì ìpínlẹ̀ tó bá kọ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ tó ti ń ra bíà fúnra ẹ̀ nílé lọ́mọ ọdún 19, ọmọdé ló tún padà dà tó bá débẹ̀. Ní Texas, ẹni tó bá ra ọtí fún un lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan kó tún san 4,000 dọ́là, ní California 1,000 dọ́là ni pẹ̀lú iṣẹ́ ìlú wákàtí 24, tí ẹnikẹ́ni bá sì farapa gidigidi tàbí kú, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú wọn, irú ìwé ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè ba físà ẹ̀ jẹ́.

Ọmọ kan ti mu àmujù, kò dáhùn mọ́, èmi ni mo ra ọtí. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí.

Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù nísinsìnyí. Ẹ má bu omi tútù lé e lórí, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, ẹ má sọ pé ẹ jẹ́ kó sùn, ó máa dá lójú ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun, kí ẹnì kan máa wo bó ṣe ń mí lójú ọ̀nà. Ọsibítù ńlá UNIMED wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó. National Health Act ti 2014, abala 20, ní wọn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, òṣìṣẹ́ tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà àbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, nítorí náà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gba káàdì, ẹ rán wọn létí.

Ẹni tó sá fi ọmọ sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ di ti ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó gbé e wá, tó dúró, ọ̀rọ̀ tó máa sọ níwájú adájọ́ yàtọ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà, ohun tó mu, ìgò mélòó, aago mélòó, bóyá ògógóró wà níbẹ̀, bóyá wọ́n pò ó mọ́ oògùn kankan, torí ìtọ́jú methanol yàtọ̀ sí ti ọtí lásán. Tí ìgò tàbí ọ̀rá ẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ mú un dání lọ.